Ìwé onílẹ̀kẹ̀ lántànà yẹn: ta ló purọ́, ta ló pa Bàbá?

ÒǹkàwéTáńkè:
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o gbogbo ilé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ka ìwé yẹn, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ síbí, torí lórí WhatsApp ẹ kàn ń já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ra yín lẹ́nu ni, ọ̀rọ̀ á dẹ̀ ti sá lọ sókè kéèyàn tó rí i. Fún ẹ̀yin tẹ́ ò mọ nǹkan tá à ń sọ: ẹnì kan nínú wa ló ń kọ ìwé ìtàn, ó ní ká má dárúkọ òun, kò tíì tẹ̀ ẹ́, kò tíì sọ ọ́ lórúkọ, ó fún àwa kan ní orí 24 pé ká kà á ká bá òun sòótọ́ ọ̀rọ̀, ó wá mú orí ìparí pamọ́.

Ìlọrin ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀, ní 1913, ayé Ọba Sulaimọ́nù. Bàbá àgbà kan ń ṣe ilẹ̀kẹ̀ lántànà, ìyẹn ilẹ̀kẹ̀ òkúta pupa, ọba Èkìtì kan gbé iṣẹ́ ilẹ̀kẹ̀ ńlá fún un, ó ṣe é tán, ilẹ̀ mọ́, wọ́n bá òkú bàbá nínú ilé iṣẹ́, ilẹ̀kẹ̀ ò sí mọ́. Àsímáwù lorúkọ ọmọ ẹ̀ obìnrin. Ọkùnrin méjì ló ń fẹ́ ẹ, Búráímọ̀ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ bàbá, àti Jákọ́bù, akọ̀wé rélùwéè, ọmọ Ẹ̀gbá, onígbàgbọ́. Bàbá Sáàdù, àbúrò olóògbé, wà níbẹ̀ náà, òun ló ń gbé ilẹ̀kẹ̀ lọ tà.

Ìwé yẹn wọ̀ mí lára, mi ò purọ́. Ibi tí inú ti ń bí mi ni pé ó dà bíi pé òǹkọ̀wé ò mọ̀ bóyá ìtàn ìfẹ́ lòún ń kọ àbí ìtàn ọ̀daràn. Láti orí 9 títí dé 13, òkú ti sùn, wọ́n ti sin ín, wọ́n ti ṣe fídáù, kò sẹ́ni tó béèrè ẹni tó pa á, ìyá wa Àsímáwù ń yọjú lójú fèrèsé, Jákọ́bù ń gba iwájú ilé kọjá. Èèyàn kú o! Ẹ̀yin ńkọ́?

Bọ̀dá_Gáà:
Mo ṣì wà ní orí 4, iná ò sí ládùúgbò wa, fóònù ti kú mọ́ mi lọ́wọ́ lórí ìwé yẹn. Àmọ́ Jákọ́bù ni. Ọkùnrin tó bá ń wọ kóòtù nínú oòrùn Ìlọrin yìí, ó ní nǹkan tó ń fi pamọ́ sábẹ́ ẹ̀.

Alájà_Pákátà:
Àsàláámù àlékùm ẹ̀yin ọmọ mi. Ọmọ mi obìnrin ló fi ìwé yẹn sórí fóònù mi, ó bá mi sọ lẹ́tà ẹ̀ di gbàǹgbà, mo dẹ̀ kà á tán. Ẹni tó kọ ọ́ gbọ́ Yorùbá, Ọlọ́hun bùn ún. Àmọ́ kí ló dé tó fi ní kí Jákọ́bù gbá Àsímáwù mọ́ra ní Ọjà Ọba lójú gbogbo ayé? Lọ́dún 1913? Ọjà Ọba tó wà lẹ́nu ààfin, tí àwọn àlùfáà ń lọ tí wọ́n ń bọ̀? Hàbà! Kí oòrùn tó wọ̀ wọn ì bá ti kó àwọn méjèèjì wá síwájú bàbá ẹ̀. Inú fíìmù ló ti rí ìyẹn. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí rò pé àwọn ìyá wa ò mọ ìfẹ́ ṣe, wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe, wọn ò kàn pàtẹ ẹ̀ ni. Ọkùnrin tó bá fẹ́ràn ẹ á gba iwájú ilé yín kọjá láàárọ̀, á gbà á lọ́sàn-án, á tún gbà á nírọ̀lẹ́, láìní nǹkan tó fẹ́ rà, á kí bàbá ẹ, á kí ẹ̀gbọ́n ẹ, ìwọ ló máa kí kẹ́yìn, àbí kó má tiẹ̀ kí ẹ rárá. Á fi wàrà rán ọmọ kékeré sí ẹ, ọmọ á ní òun ò mọ ẹni tó rán òun.

Ibi tó dùn mọ́ mi jù ni orí 8, alẹ́ ìyàwó ilé kejì, tí Àsímáwù ń lé wákà, orin táwọn obìnrin ń kọ níbi ìyàwó, tí àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ ń gbè é. Ó ń kí ìyàwó, ó ń kí ọkọ, ó wá ju ọ̀rọ̀ kan sáàárín, gbogbo èèyàn rò pé ọkọ ìyàwó ló ń bá wí, àfi ẹnì kan tó dúró lẹ́yìn lọ́hùn-ún nínú òkùnkùn. Ìfẹ́ nìyẹn. Mo ń rẹ́rìn-ín nìkan nínú yàrá, wọ́n ń bi mí pé kí ló ṣe mí.

ÒǹkàwéTáńkè:
Alájà, ẹ ṣeun mà. Orí 8 yẹn, èmi náà kà á ní àkàtúnkà. Bí gbogbo ìwé bá rí báyẹn mi ò ní bínú sí i.

ỌmọRélùwéè_Ọ̀fà:
Ẹ fi ti ìfẹ́ sílẹ̀ ná, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ irin. Rélùwéè ni bàbá mi bá ṣiṣẹ́ títí ó fi fẹ̀yìn tì, fèrè ọkọ̀ ló ń jí wa nílé wa l'Ọ́fà, ẹ má bá mi jiyàn lórí eléyìí. Orí 14. Wọ́n bi Jákọ́bù pé níbo ló wà lóru tí wọ́n pa bàbá. Ó ní inú ọkọ̀ ojú irin lòún wà, òún ń bọ̀ láti Mínnà, pé ọkọ̀ ò dúró rárá, ó gba orí odò Ọya kọjá ní Jẹ́bà, òún dùbúlẹ̀ òún ń gbọ́ bí irin afárá ṣe ń dún lábẹ́ òun láti etí odò tibí dé etí odò tọ̀hún. Ó dùn ún kà, mo gbà. Àmọ́ afárá wo? Ní 1913?

Irin dé Ìlọrin ní 1908, ó dé Jẹ́bà ní 1909, nígbà tó máa fi di 1912 ọ̀nà irin ti so Èkó pọ̀ mọ́ Kánò, gbogbo ìyẹn rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n odò Ọya kì í ṣe odò Àsà, erékùṣù wà láàárín ẹ̀ ní Jẹ́bà, afárá tí ọkọ̀ lè fi ré e kọjá láti ìhín dé ọ̀hún láì dúró, 1916 ni wọ́n tó parí ẹ̀. Kó tó dìgbà yẹn ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé wágùnù sọdá. Kò sí bó o ṣe lè dùbúlẹ̀ kí o má mọ̀. Báyìí làwọn òǹkọ̀wé wa ń ṣe, wọ́n á fẹ́ kọ ìtàn àtijọ́, wọn ò ní bi ẹnikẹ́ni, wọ́n á kàn máa fi ọwọ́ ara wọn kọ́ afárá.

Bọ̀dá_Gáà:
Torí ọdún mẹ́ta péré lẹ ṣe ń pariwo tó báyìí?

ỌmọRélùwéè_Ọ̀fà:
Péré? Jẹ́ kí wọ́n dá owó oṣù ẹ dúró fún ọdún mẹ́ta ká wò ó bóyá o máa pè é ní péré.

Tíṣà_Ẹ̀sìẹ́:
Mo bá ỌmọRélùwéè lọ, ó dẹ̀ ku ibì kan tí ẹnikẹ́ni ò tíì mẹ́nu bà. Orí 19, tí Àsímáwù àti ìyá ẹ̀ kúrò ní Ìlọrin, tí wọ́n lọ sá pa mọ́ sọ́dọ̀ mọ̀lẹ́bí ní Ẹ̀sìẹ́. Òǹkọ̀wé yìí ti dé ibi àwọn ère òkúta yẹn, mo lè búra, torí ó sọ bí wọ́n ṣe jókòó, ó sọ irun tí wọ́n dì, ilẹ̀kẹ̀ ọrùn wọn, àwọn obìnrin tó gbé idà lé èjìká, àwọn tí orí wọn ti kán. Wọ́n lé ní 800 o, kì í ṣe mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ó wá lọ gbé òyìnbó kan síbẹ̀ tó ń ya fọ́tò wọn tó ń kọ ìròyìn wọn ránṣẹ́ sí Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1913! Àwọn ará Ẹ̀sìẹ́ ti ń bọ àwọn ère yẹn tipẹ́, àmọ́ 1933 ni ìròyìn wọn tó dé etí ìjọba, Ramshaw, alábẹ̀wò ilé ìwé ìjọ CMS, ló kọ ọ́ jáde. 1945 ni wọ́n wá kọ́ mùsíọ̀mù síbẹ̀, òun ni àkọ́kọ́ ní gbogbo Nàìjíríà, àwọn ọmọ kíláàsì mi mọ ìyẹn bí orúkọ bàbá wọn.

Kí ló tiẹ̀ fẹ́ fi òyìnbó ṣe níbẹ̀? Àwọn ère yẹn fúnra wọn tó àdììtú. Kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó gbẹ́ wọn, àwọn àgbà wa ní àlejò ni wọ́n tí wọ́n di òkúta. Ọmọ onílẹ̀kẹ̀ jókòó síwájú obìnrin olókùúta, ó nawọ́, ó fọwọ́ kan ilẹ̀kẹ̀ ọrùn ẹ̀, ó ní “bàbá mi ì bá dá ẹ mọ̀.” Ó tó. Kí òyìnbó máa lọ.

Àbíkẹ́_Òmùàrán:
Tíṣà, ibẹ̀ yẹn ni mo ti sunkún. Mo wà nínú mọ́tò tó ń ti Ìlọrin bọ̀ wá sílé, a ti kọjá Àjàṣẹ́, ìyá tó jókòó tì mí rò pé wọ́n tẹ̀ mí láago òkú ni.

Ọlọ́dẹ_Irọ́:
Mo ti ń ka gbogbo ohun tẹ́ ẹ ń sọ látàárọ̀. Ẹ̀gbọ́n ỌmọRélùwéè, ẹ jọ̀ọ́ ẹ padà sí orí 6. Ìyá aláàlùbọ́sà tó wá kí ìyá Àsímáwù, ẹ rántí? Ó ń ráhùn pé òún ń ti òkè Ọya bọ̀, òún jókòó sétí odò ní Jẹ́bà títí ilẹ̀ fi ṣú, ọkọ̀ omi tó ń gbé wágùnù sọdá ò tètè dé, àlùbọ́sà òun ti ń rà. Gbólóhùn mẹ́ta péré ni, gbogbo wa la fò ó torí a ń wá ibi tí Jákọ́bù máa gbà yọ.

Nítorí náà ẹni tó kọ orí 6 mọ̀ dáadáa pé kò sí afárá. Ṣé ó wá gbàgbé kó tó dé orí 14? Kò gbàgbé. Jákọ́bù ló ń purọ́. Ẹ tún wo orí 5, nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ mú wa wọ ọ́fíìsì ẹ̀, àwòrán afárá ńlá kan wà lórí tábìlì ọ̀gá ẹ̀. Akọ̀wé tí kò kúrò nídìí tábìlì ní stéṣọ̀n Ìlọrin, tí kò dé Jẹ́bà rí, ó rí afárá nínú ìwé, ó rò pé ó ti wà lórí omi. Òǹkọ̀wé yìí dẹ okùn sílẹ̀ fún wa, ẹ̀gbọ́n ló kọ́kọ́ tẹsẹ̀ bọ̀ ọ́ lol.

ỌmọRélùwéè_Ọ̀fà:
Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí ẹnì kan nínú ìwé já a. Kí ló dé tí àlùkáálì, adájọ́ kéwú tó ń gbẹ́jọ́, ò já a? Kí ló dé tí Búráímọ̀ ò já a? Ìwé tó jẹ́ pé àfi ọmọ rélùwéè nìkan ló lè rí okùn ẹ̀, ó ṣì ní àbùkù lójú tèmi. Ìyá aláàlùbọ́sà sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan péré, ó bá tiẹ̀ lọ. Kó tún un sọ níbòmíì.

Ọlọ́dẹ_Irọ́:
Àlùkáálì ò wọ ọkọ̀ irin rí ni, sà. Ìyẹn gan-an ló dùn. Gbogbo àgbààgbà tó jókòó síbẹ̀ mọ kùránì mọ òfin, wọ́n lè sọ ìtàn ìlú láti ayé Àlímì, àmọ́ ìyá aláàlùbọ́sà nìkan ló mọ Jẹ́bà, kò dẹ̀ sẹ́ni tó pè é síbi ẹjọ́.

ÒǹkàwéTáńkè:
Hmmm. So Jákọ́bù ló pa bàbá nìyẹn?? Mo fẹ́ràn ọmọkùnrin yẹn o.

Bọ̀dá_Gáà:
Ṣé mi ò sọ. Kóòtù yẹn.

Àbíkẹ́_Òmùàrán:
Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ já irọ́, ẹ ò béèrè ìdí irọ́. Ẹni tó bá pààyàn tó dẹ̀ mọ̀wé, á ti to irọ́ ẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n tó bi í. Irọ́ Jákọ́bù yìí, irọ́ ẹni tí wọ́n bá lójijì ni, ohun tó kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn ló sọ, ó kàn fẹ́ kí wọ́n gbà pé òun jìnnà sí ilé yẹn lóru ọjọ́ yẹn. Òun náà mọ̀ pé tóun bá sọ ibi tóun wà, òun kọ́ ló máa tẹ́. Ta ló máa tẹ́? Àsímáwù ló wà pẹ̀lú ẹ̀. Torí náà ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ìfẹ́ ti gba ìwé mọ́ ọ̀ràn lọ́wọ́, ìfẹ́ yẹn gan-an lọ̀ràn. ÒǹkàwéTáńkè, ìdí tí kò fi sẹ́ni tó ń wá ẹni tó pa bàbá láti orí 9 dé 13 nìyẹn: gbogbo wọn ní nǹkan tí wọ́n ń bò.

Alájà_Pákátà:
Àbíkẹ́ ọmọ mi, mo gbọ́, àmọ́ níbo ni wọ́n ti pàdé? Ilé onílẹ̀kẹ̀ ní Ìlọrin nígbà yẹn, ẹ ò mọ bó ṣe ń rí. Ìyàwó bàbá, ìyàwó àbúrò bàbá, àwọn ẹ̀gbọ́n, ọmọ iṣẹ́, ọmọ kéwú tó sùn sí gbọ̀ngàn pẹ̀lú wàláà lórí. Ìyàwó ilé tó jẹ́ eléhàá kì í yọjú. Ọmọge tí wọn ò tíì so yìgì ẹ̀, tó bá fẹ́ yàgbẹ́ lóru ẹnì kan á tẹ̀lé e. Níbo ni Jákọ́bù ti fẹ́ gbà wọlé, onígbàgbọ́ tí gbogbo àdúgbò dá mọ̀ torí bàtà ẹ̀? Kó má lọ jẹ́ pé òǹkọ̀wé tún fẹ́ ṣe bíi ti Ọjà Ọba.

Ọlọ́dẹ_Irọ́:
Alájà, ẹ̀yin fúnra yín lẹ ti sọ ọ́ mà. Alẹ́ wákà. Oru tí wọ́n ń ṣe ìyàwó nílé kejì náà ni wọ́n pa bàbá. Gbogbo ilé ló jáde, obìnrin ń wọlé ń jáde, kò sẹ́ni tó ń tẹ̀lé ẹnikẹ́ni. Ẹ wo ẹsẹ̀ orin tó kẹ́yìn ní orí 8, ẹ wo ẹni tó ń lé e.

Alájà_Pákátà:
Ẹ dúró. Ẹ jẹ́ n lọ kà á.

Alájà_Pákátà:
Mo ti kà á. Ràmọ́tù ló lé ẹsẹ̀ tó kẹ́yìn, kì í ṣe Àsímáwù. Wọ́n tiẹ̀ kọ ọ́ pé ohùn ẹ̀ ò dùn tó ti àkọ́kọ́, mo rò pé wọ́n kàn ń bú ọmọ ọlọ́mọ ni. Sùbùhánàlàhì. Ọmọ yìí!

ÒǹkàwéTáńkè:
😂😂 Alájà!

Ó dáa, èmi náà ní tèmi. Orí 7, lẹ́tà. Àsímáwù kàwé, ó kàwé kéwú dáadáa nílé, lẹ́tà kéwú ló fi kọ Yorùbá sí Jákọ́bù pé kó wá dúró sẹ́yìn lálẹ́ ìyàwó. Tàdáwà, kálámù, gbogbo ẹ̀. Jákọ́bù mọ ABD, kò mọ álíífù. Akọ̀wé ìjọba ò lè ka lẹ́tà ìfẹ́ tí wọ́n kọ sí i! Ó wá mú un lọ bá ta ni? Ó mú un lọ bá Búráímọ̀. Ó ní kó bá òun kà á. Búráímọ̀ tó ń fẹ́ ọmọbìnrin yẹn láti kékeré ló jókòó tó ń ka lẹ́tà ọmọbìnrin yẹn sí etí ọkùnrin mìíràn, kò fò ọ̀rọ̀ kan, kò dín in, ó kà á tán, ó dá a padà, ó ní “ó kọ ọ́ dáadáa.” Mi ò tíì ka nǹkan tó dùn mí tó yẹn nínú ìwé kankan.

Ẹ wá rò ó. Búráímọ̀ mọ̀ pé Jákọ́bù kò sí ní Jẹ́bà. Ó mọ ibi tó wà gan-an. Wọ́n ti Jákọ́bù mọ́lé láti orí 16, Búráímọ̀ ń wò wọ́n, kò sọ nǹkan kan.

Àbíkẹ́_Òmùàrán:
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń pè é ní ọmọlúàbí ní orí 7, ẹ wá nǹkan pè é ní orí 16. Ó fẹ́ kí wọ́n bá òun mú ọ̀tá òun kúrò lọ́nà, ìyẹn ni.

Ọmọ_Òkèlele:
Mi ò kì í sọ̀rọ̀ níbí àmọ́ ẹ ti jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ báyìí. Lágboolé àwọn ìyá mi, iṣẹ́ lántànà ni wọ́n ń ṣe kí iṣẹ́ ọ̀hún tó kú, ìtàn ẹ̀ la gbọ́ dàgbà. Òkúta pupa làwọn oníṣòwò ń kó wá, wọ́n á fọ́ ọ wẹ́wẹ́, wọ́n á gé e sí bó ṣe yẹ, wọ́n á wá máa fi irin tín-ín-rín lu ihò sí i díẹ̀díẹ̀, láti ìhín, láti ọ̀hún, tí ọwọ́ bá yẹ̀ ó ti là nìyẹn, iṣẹ́ ti bàjẹ́. Lílù yẹn máa ń dún, kò-kò-kò, gbogbo àdúgbò onílẹ̀kẹ̀ ló mọ ìró ẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ló kan lílọ̀, omi àti òkúta pẹlẹbẹ, wọ́n á máa lọ̀ ọ́ títí á fi máa dán, ìyẹn kì í pariwo. Lílù ló ń ṣáájú, lílọ̀ ló ń tẹ̀lé e, sísín sókùn ló gbẹ̀yìn. Ẹni tó ti sín ilẹ̀kẹ̀ tán ò ní nǹkan tó ń lù mọ́.

Ẹ wá lọ wo orí 17, ẹ gbọ́ ohun tí Bàbá Sáàdù sọ fún àlùkáálì. Ó ní òún kọjá lẹ́nu ọ̀nà ilé iṣẹ́ lóru, òún gbọ́ tí ẹ̀gbọ́n òún ń lu ilẹ̀kẹ̀, òun ò fẹ́ dí i lọ́wọ́, òún lọ sùn. Orí 8 kan náà tẹ́ ẹ̀ ń pariwo ẹ̀ yìí, kí wákà tó bẹ̀rẹ̀, bàbá ti sín gbogbo iṣẹ́ ọba sókùn, ó fi han ìyàwó ẹ̀, ó ní ó kù kí wọ́n wá gbé e. Kí ló ń lù lóru?

Irọ́ méjì ló wà nínú ìwé yìí, gbogbo ẹ̀yin ń lé ọ̀kan.

Ọlọ́dẹ_Irọ́:
Ha. HA. Mo dìde dúró nídìí kọ̀ǹpútà.

ỌmọRélùwéè_Ọ̀fà:
Ẹ gbọ́, ẹni yìí ò kì í sọ̀rọ̀, ó sọ ẹyọ kan, ó gbé gbogbo wa dànù. Kí ló wá jẹ́ kó pa ẹ̀gbọ́n ẹ̀?

Ọmọ_Òkèlele:
Ilẹ̀kẹ̀ òyìnbó. Ilẹ̀kẹ̀ gíláàsì pupa tó ń ti Èkó wọlé, tó jọ lántànà lójú, tówó ẹ̀ kéré, òun ló pa iṣẹ́ náà. Orí 3, Bàbá Sáàdù ti Èkó dé, ó gbé àpótí kan sábẹ́ ibùsùn, kò jẹ́ kí ọmọ bá òun gbé e. Òun ló ń gbé ọjà ẹ̀gbọ́n ẹ̀ lọ fáwọn ọba. Ohun tí mo rò ni pé ó ti pẹ́ tó ti ń mú ojúlówó pamọ́ tó ń fi gíláàsì rọ́pò ẹ̀, tó ń ta ojúlówó fúnra ẹ̀. Èyí tọba Èkìtì ló fẹ́ pààrọ̀ lálẹ́ ìyàwó nígbà tí gbogbo èèyàn jáde, bàbá wọlé bá a. Orí 15, ìyá Àsímáwù ń gbálẹ̀ ilé iṣẹ́, ó rí ẹyọ ilẹ̀kẹ̀ kan nílẹ̀, ó mú un, ó fi kan ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó ní “kò tutù,” ó bá sọ ọ́ nù. Òkúta máa ń tutù lára, gíláàsì ò tutù bẹ́ẹ̀. Àwọn ìyá wa bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi ń dá a mọ̀ láìwo ojú ẹ̀.

Tíṣà_Ẹ̀sìẹ́:
Mo ka “kò tutù” yẹn mo rò pé ẹkún ló ń sọ. Pé ọwọ́ ọkọ ẹ̀ ṣì gbóná lára ẹ̀, irú nǹkan báyẹn. Òǹkọ̀wé yìí burú.

Alájà_Pákátà:
Sáàdù! Àbúrò tó jẹ oúnjẹ ẹ̀gbọ́n ẹ̀. Òun ló dẹ̀ jókòó gba èèyàn lálejò níbi fídáù, tó ń ní ká ṣe àmín.

ỌmọRélùwéè_Ọ̀fà:
Ẹ jẹ́ n gbèjà Búráímọ̀ díẹ̀, torí ọmọ wa ni. Orí 10, ìyá ẹ̀ wà lára àwọn tí wọ́n kó nígbà tí Ọ̀fà fọ́ ní 1890, tí Bálógun Karara kó ogun wọ̀ ọ́. Òǹkọ̀wé sáré kọjá níbẹ̀, ẹ̀sùn tí mo ní sí i nìyẹn, ju ti afárá lọ, torí ibẹ̀ ni ìtàn wà. Ìlú tí wọ́n gbógun tì fún ọdún bíi mélòó kan, tó wá fọ́, ọmọ obìnrin ibẹ̀ dé Ìlọrin, wọ́n fi í sílé onílẹ̀kẹ̀, ó bímọ síbẹ̀. Ní 1913 wọn ò pe Búráímọ̀ lẹ́rú mọ́, ó ń kọ́ṣẹ́, ó ń jẹun nínú abọ́ kan náà pẹ̀lú wọn, àmọ́ gbogbo ilé mọ ibi tí ìyá ẹ̀ ti wá. Ẹ wá ní kó dìde níwájú àlùkáálì kó ní Bàbá Sáàdù ọmọ ilé ń purọ́, kó tún ní òun ka lẹ́tà tí ọmọ ilé kọ sí onígbàgbọ́. Ta ló máa gbà á gbọ́? Òun ni wọ́n máa kọ́kọ́ tì mọ́lé. Dídákẹ́ ẹ̀ ò dáa, mi ò ní ó dáa. Ẹ kàn má pè é ní ìlara nìkan.

Àbíkẹ́_Òmùàrán:
Mo gbọ́, ẹ̀gbọ́n. Ṣùgbọ́n ó lè lọ bá Àsímáwù. Kò lọ. Títí orí 24 kò lọ.

ÒǹkàwéTáńkè:
Àbí ó mọ̀ pé tóun bá lọ bá a, Àsímáwù máa fúnra ẹ̀ jáde lọ sọ̀rọ̀? Ó ń dáàbò bò ó náà ni. Àwọn méjèèjì ló ń dáàbò bò ó, kò sẹ́ni tó bi í bóyá ó fẹ́.

Àbíkẹ́_Òmùàrán:
Gbólóhùn tó o sọ kẹ́yìn yẹn, mo faramọ́ ọn pátápátá. Wọ́n ń purọ́ torí ẹ̀, wọ́n ń dákẹ́ torí ẹ̀, ó wà ní Ẹ̀sìẹ́ láàárín ère, wọn ò rán nǹkan kan sí i. Èmi ò fẹ́ kó fẹ́ ìkankan nínú wọn.

Bọ̀dá_Gáà:
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ gbogbo ẹ̀ tán, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ibi tí wọ́n ti ń pín obì.

Ọlọ́dẹ_Irọ́:
O ti pẹ́ jù, bọ̀dá mi. Ohun tó kù fún orí 25 ò ju ọ̀kan lọ: ẹni tó lè tú Jákọ́bù sílẹ̀, tó dẹ̀ lè sọ pé bàbá òun ti parí iṣẹ́ kí wákà tó bẹ̀rẹ̀, Àsímáwù ni. Tó bá jáde, orúkọ ẹ̀ ti bàjẹ́ ní gbogbo Ìlọrin, kò sẹ́ni tó máa so yìgì ẹ̀ mọ́. Tí kò bá jáde, Sáàdù jogún ilé. Mo fẹ́ kí ẹ̀yin obìnrin sọ fún mi, ṣé ó máa jáde? Alájà, ẹ̀yin lẹ mọ ìlú yìí jù.

Alájà_Pákátà:
Kó jáde. Wọ́n pa bàbá ẹ̀. Kí ló fẹ́ fi orúkọ ṣe nínú ilé tí Sáàdù jókòó sí? Kó bo ara ẹ̀ dáadáa, kó mú ìyá ẹ̀ dání, kó mú ìyá aláàlùbọ́sà yẹn dání náà, kó lọ síwájú àlùkáálì lọ́sàn-án gangan, kó ní òun ò sí níbi wákà nígbà tí wọ́n kọ ẹsẹ̀ tó kẹ́yìn, kí Ràmọ́tù jẹ́rìí ẹ̀. Wọ́n á sọ ọ́ lẹ́nu, kí wọ́n máa sọ ọ́. Tó bá jẹ́ ọmọ tèmi ni, èmi ni máa gba iwájú.

Òǹkọ̀wé tó ń ka gbogbo èyí tó ń pa á mọ́ra, tó o bá kọ ọ́ tán, fi ránṣẹ́ kí n tó lọ sí Mẹ́kà.